Alángbá, Má Wò Ó

Òru ti jìn ní Lafíàjì,
iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ìsàlẹ̀ ti wúkọ́, ó ti kú,
nígbà tí Suwẹ́bátù ké lórí ẹní:
"Mọ́mì, ẹnìkan ń fi òòlù lu eyín mi."
Mo tan iná fóònù sí i lẹ́nu.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì;
eyín ẹ̀yìn kan, ihò dúdú láàárín rẹ̀,
ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ tí mo fi ń ránṣọ lọ,
òun ló jí gbogbo ilé alájà mẹ́ta sílẹ̀.

"Kòkòrò ni," ni ìyá ọkọ mi wí nínú òkùnkùn.
Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, eyín méjìdínlọ́gbọ̀n,
orín àtà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí.
"Ẹ wá kànáfùrù, ẹ gún un, ẹ fi dí ihò náà,
kòkòrò á bọ́ sílẹ̀ wọ̀ọ̀."
A ò ní kànáfùrù.
Iyọ̀ la ní, àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Ìgbà náà ni Múfútáù dìde, kò sọ nǹkan kan,
ó na ọwọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù,
ó fa ìgò kékeré kan yọ.
Ògógóró!
Nínú ilé tí a ti ń kírun ẹ̀ẹ̀márùn-ún!
Ìyá rẹ̀ ní, "Háà, ọmọ tèmi?"
Ọkọ mi wolẹ̀. "Eyín ni, Ìyá.
Ọdún méjì ni mo ti ń dà á sí i.
N ò gbé e mì rí."

Ọdún méjì.
Èmi tí mo rò pé afẹ́ ló ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín,
tí mo rò pé ọbẹ̀ mi ni kò dùn
tó fi ń fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo jẹ ẹran.
Funfun niyì eyín, àgbà ló wí;
ẹni tí tiẹ̀ ò funfun, ibo ló ń gbé iyì tirẹ̀ pamọ́ sí?

Ilẹ̀ mọ́. A jókòó lórí bẹ́ńṣì onírin ní ọsibítù,
nọ́ńbà wa, mẹ́tàdínlógójì.
Dókítà Mojírọ́lá tẹjú mọ́ ẹnu ọmọ bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà.
"Kò sí kòkòrò níbí. Kí ló máa ń jẹ kó tó sùn?"
Mo wo ilẹ̀.
Bàbà dúdú ni. Èmi ni mo ń rà á
kí n lè ráyè parí aṣọ oníbàárà,
kó máa lá a títí oorun á fi gbé e lọ.
"Àárọ̀ nìkan lẹ ń fọ ẹnu rẹ̀?"
Àárọ̀ nìkan ni.
"Alẹ́ ni ṣúgà ń rí ilé sùn sí, ìyàwó.
Bẹ́ ẹ bá máa gbàgbé ọ̀kan, ẹ má gbàgbé alẹ́."
Kò pariwo mọ́ mi. Ìyẹn dùn mí ju ariwo lọ.

Ìyá yọjú lẹ́yìn wa: "Orín tèmi ńkọ́?"
"Ẹ máa run orín yín lọ, Ìyá, ẹ ṣáà jẹ́ kó dé kọ̀rọ̀."
Ìyá wò mí bí ẹni tó jàre ẹjọ́ ilẹ̀.

Ọmọ ò sunkún nígbà tí eyín jáde.
Ó fi òwú há ẹnu, ó nàka sí bàbá rẹ̀:
"Ó kàn yín."
Ọkùnrin tó ń gun òpó iná láìwẹ̀yìn
di ọwọ́ ọmọ ọdún méje mú pinpin.

Nírọ̀lẹ́, a gun òkè pátápátá, níbi tí a ń sá aṣọ sí,
eyín méjì nínú bébà kan:
ọ̀kan kéré, ó funfun bí àgbàdo tútù,
ìkejì gùn, ó pọ́n bí igi ààrò.
Páànù ilé Àlájà Kúbúrà nà sílẹ̀ níwájú wa.
"Alángbá, má wò ó o!"
Suwẹ́bátù ju tirẹ̀, páànù dún kéú.
Ó ju ti bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e.
"Tèmi ò lè hù mọ́, ọmọ mi."
"Ẹ dákẹ́ ná, Dádì. Alángbá ò tíì rí i."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín.
Ọwọ́ rẹ̀ gbéra lọ síbi ẹnu, bó ṣe mọ́ ọn lára,
ó dúró lágbedeméjì,
bí ọwọ́ ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ mú.